Àpótí Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pẹpẹ

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí kún àwọn tó ń ka owó ọrẹ ní ìjọ wa ni ìtàn Jóáṣì, ọba Júdà, ti wọ̀ mí lára. Wọn kì í sábà fi ìtàn náà wàásù. Ènìyàn lè máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì títí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun kó má gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lórí àga ìwàásù, nítorí pé òkun kankan kò pínyà nínú rẹ̀, òmìrán kankan kò sì ṣubú. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ilé tó ń wó lọ ni, ọ̀rọ̀ ta ló gbà á, ta ló ná an. Orí kejìlá Ìwé Àwọn Ọba Kejì ló wà. Ìwé Kíróníkà Kejì tún un sọ ní orí kẹrìnlélógún, ó sì fi apá kan kún un tó máa ń bà mí lẹ́rù títí di òní.

Inú ilé Ọlọ́run gan-an ni wọ́n ti tọ́ Jóáṣì. Ìyá bàbá rẹ̀, Ataláyà, ló dìde láti pa gbogbo ọmọ ọba run kí òun lè gorí ìtẹ́. Jèhóṣébà, arábìnrin bàbá rẹ̀, ló jí ọmọ náà gbé kúrò láàárín àwọn tí wọ́n ń pa, ó sì fi ọmọ náà àti alágbàtọ́ rẹ̀ pamọ́. Ọdún 6 ni ọmọ náà fi wà nínú ilé Olúwa láìjẹ́ pé ayé mọ̀. Jèhóíádà àlùfáà ni ọkọ Jèhóṣébà. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún 7, Jèhóíádà mú un jáde, ó dé e ládé, ó di ọba. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé bí ó ṣe dàgbà, ohun tó jẹ ẹ́ lógún ni bí yóò ṣe tún ilé tó bò ó láṣìírí ṣe. Ó pàṣẹ fún àwọn àlùfáà pé kí oníkálukú máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fi dí gbogbo ibi tó ya lára ilé náà. Ó di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, ògiri ṣì ya bó ṣe ya.

Bíbélì kò sọ pé àwọn àlùfáà jí owó náà. Mo ti wá a títí, kò sí níbẹ̀. Ohun tó sọ kò ju pé wọn kò tún ilé náà ṣe. Bóyá wọ́n fi jẹun. Bóyá wọ́n ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Bóyá olúkúlùkù rò pé ẹnì kejì òun ti ń bá a lọ. Ẹni tó bá ti wà nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì rí yóò mọ̀ pé èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí ló wọ́pọ̀ jù. Ọba pè wọ́n, ó bi wọ́n léèrè. A kò gbọ́ pé wọ́n na ẹnikẹ́ni tàbí pé wọ́n lé ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Jèhóíádà wá àpótí kan, ó lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ní apá ọ̀tún ẹni tó bá ń wọlé. Gbogbo owó tó bá wọlé, inú ihò yẹn ló ń gbà. Bí àpótí bá kún, akọ̀wé ọba yóò gòkè wá, olórí àlùfáà náà yóò gòkè wá, wọn yóò jọ kà á, wọn yóò dì í sínú àpò, wọn yóò sì kó o fún àwọn alábòójútó iṣẹ́ láti san fún gbẹ́nàgbẹ́nà, mọlémọlé àti agbẹ́kùúta.

Ẹ wo ọwọ́ tó lu ihò náà. Jèhóíádà yìí ló gba ẹ̀mí ọba là, òun ló sì fi í jọba. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó lè bínú pé, "Ṣé èmi náà ni wọ́n fẹ́ máa ka owó lé lórí?" òun ni. Kò bínú. Òun fúnra rẹ̀ ló wá àpótí, ibi tó sì gbé e sí ni ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, ibi tí wọ́n ti ń rúbọ, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe yẹpẹrẹ. Mo gbà pé níbẹ̀ ni ọ̀wọ̀ tí ọkùnrin náà ní fún Ọlọ́run ti hàn sí mi jù lọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé Ọlọ́run ń rí òun kì í bínú pé ènìyàn fẹ́ rí òun.

Ní ìjọ wa, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, ẹni mẹ́rin ni a máa ń jókòó yí tábìlì ká nínú yàrá tí àwọn akọrin ti ń bọ́ aṣọ. Wọ́dìn kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. A ó ti ilẹ̀kùn, a ó gbàdúrà kúkúrú, a ó wá da igbá ọrẹ sórí tábìlì. Owó inú ẹ́ńfílóòpù kò ní wàhálà. Orúkọ wà lára rẹ̀, iye wà lára rẹ̀, ẹni tó fi ṣe ìdúpẹ́ yóò sì tẹ́tí gbọ́ iye tó san nígbà tí wọ́n bá ń kéde. Èyí tí wọ́n fi fóònù sọ sínú àkáǹtì ìjọ, báńkì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Owó tí kò lórúkọ ni iṣẹ́ wà nídìí rẹ̀: ọgọ́rùn-ún náírà, igba náírà, tí wọ́n ká mọ́wọ́ tí wọ́n sì jù sínú igbá nígbà tí orin ń lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń tú u, tí a ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ kó tó dúró. Òmíràn tutù nítorí pé etí ìró ni wọ́n so ó mọ́, òógùn ti wọ̀ ọ́. Òmíràn a máa run ẹja yíyan. Èyí tí epo dúdú bá wà lára rẹ̀, a mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló ti wá. Kò sẹ́ni tó mọ iye wọn kí àwa tó kà á. Ẹni tó fi igba náírà tó ń run ẹja sílẹ̀ ti ń lọ sílé, kò sì ní padà wá bèèrè láéláé. Bí ọ̀kan nínú wa bá fi í sápò, ayé kò ní gbọ́.

Nídìí tábìlì yẹn ni ẹ̀rù Ọlọ́run ti máa ń bà mí gidigidi, ju ìgbà tí dùùrù bá ń dún tí gbogbo ìjọ dìde dúró lọ. Ohun tí ẹlẹ́ja yẹn bá Ọlọ́run sọ nígbà tó jọ̀wọ́ owó rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ mi. Ó lè jẹ́ pé ọmọ kan ń ṣàìsàn nílé. Ó lè jẹ́ pé ọjà tà fún un lọ́sẹ̀ yẹn, ó wá dúpẹ́. Kò kàn mí láti mọ̀. Ohun tó kàn mí ni kí n kà á bó ṣe wà. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń kà á. A ó pààrọ̀ ìdì owó, kí ẹni tó ka tibí wá ka tọ̀hún, a ó kọ ọ́ sínú ìwé, gbogbo wa yóò sì fọwọ́ sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ wa bi wá pé, ṣé ẹ kò fọkàn tán ara yín ni? Wọ́dìn wa, bàbá àgbàlagbà kan, ló dá a lóhùn: "Ọmọ mi, ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀." Lẹ́yìn náà ni bàbá náà ní kó lọ ka orí kejìlá yẹn tán, kó má dúró síbi àpótí. Nítorí pé níwájú díẹ̀, Ìwé náà sọ pé wọn kò bèèrè ìṣirò owó lọ́wọ́ àwọn alábòójútó iṣẹ́, torí pé olóòótọ́ ni wọ́n. Bíbélì kò dárúkọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù náà kò fẹ́ kí wọ́n kó owó lé òun nìkan lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ìjọ ń dá owó jọ fún àwọn aláìní tó wà ní Jerúsálẹ́mù, ó rán Títù lọ sí Kọ́ríńtì, ó sì fi arákùnrin kan tì í tí gbogbo ìjọ jẹ́rìí rere sí, ẹni tí àwọn ìjọ fúnra wọn yàn. Kò fi ìdí rẹ̀ pamọ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun kan tọ́ka sí lórí owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, pé ohun tó dára lójú Olúwa àti lójú ènìyàn pẹ̀lú ni àwọn ń lépa. Ẹni tó rí Jésù lójú ọ̀nà Dámásíkù ló ń sọ̀rọ̀ yìí o.

Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń dùn mí wọnú egungun nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹni àmì òróró pa àwọn ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ọmọ ìjọ bèèrè ibi tí owó ìkọ́lé wọlé sí, wọ́n ní kó ṣọ́ra, kó má fọwọ́ kan ẹni tí Ọlọ́run yàn. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ibi tí Dáfídì ti kọ̀ láti fọwọ́ kan Sọ́ọ̀lù nínú ihò àpáta ní Ẹ́ńgédì. Lóòótọ́ ni pé kò pa á. Etí aṣọ rẹ̀ ló gé, èyí náà sì tún ń dà á lọ́kàn rú. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ó jáde tẹ̀ lé e, ó kígbe pè é, ó dojú bolẹ̀ fún un, ó fi etí aṣọ náà hàn án, ó ro ẹjọ́ ara rẹ̀ délẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́ láti dá. Ìbọ̀wọ̀ àti ìbéèrè jọ wà lẹ́nu kan náà. Sámúẹ́lì tó fi òróró yan Sọ́ọ̀lù, tó sì tún wá yan Dáfídì, ńkọ́? Nígbà tó darúgbó, ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó ní kí wọ́n wá jẹ́rìí lòdì sí òun níwájú Olúwa àti níwájú ọba: màlúù ta lòun gbà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ta lòun gbà, ta lòun rẹ́ jẹ, ọwọ́ ta lòun ti gba rìbá? Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan sọ. Mo fẹ́ kí ojú mi rí olórí ìjọ tó ń fẹ̀yìn tì ní ilẹ̀ wa, tí yóò dúró bẹ́ẹ̀ níwájú àgùntàn rẹ̀ kí wọ́n tó kó ẹ̀bùn ìdágbére jáde.

Mo ní Kíróníkà fi apá kan kún ìtàn Jóáṣì. Jèhóíádà pẹ́ láyé. Ẹni 130 ọdún ni nígbà tó kú, wọ́n sì sin ín sáàárín àwọn ọba nítorí oore tó ṣe ní Ísírẹ́lì. Kò pẹ́ tó kú ni àwọn ìjòyè Júdà wá foríbalẹ̀ fún ọba, ọba sì gbọ́ tiwọn. Wọ́n kọ ilé Olúwa sílẹ̀, wọ́n ń sin ère. Ọlọ́run rán wòlíì sí wọn, wọn kò dá a lóhùn. Ẹ̀mí Ọlọ́run wá bà lé Sekaráyà, ọmọ Jèhóíádà, ó dìde, ó bá wọn wí. Ọba pàṣẹ, wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa nínú àgbàlá ilé Olúwa. Ilé tí Jóáṣì fi owó inú àpótí tún ṣe náà ni. Ọmọ ẹni tó yọ ọ́ lọ́wọ́ ikú ló pa, nínú ilé tó fi bọ́ lọ́wọ́ ikú. Nígbà tó yá, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ pa òun náà lórí ibùsùn, wọn kò sì sin ín sí ibojì àwọn ọba.

Mo máa ń dúró pẹ́ níbẹ̀. Ìwé náà jẹ́rìí pé Jóáṣì ṣe ohun tó tọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé Jèhóíádà. N kò rò pé ẹ̀tàn ni. Ó fẹ́ràn ilé yẹn, ọkàn rẹ̀ gbóná nígbà tí kò rí i tún ṣe, iṣẹ́ gidi ló sì ṣe. Ṣùgbọ́n bí iṣu tó ta gun ọ̀pá ló rí. Wọ́n yọ ọ̀pá, ìtàkùn dà sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ewé rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún bẹ̀rù Jèhóíádà, kó máa rò pé Ọlọ́run lòun ń bẹ̀rù.

Irú ìbẹ̀rù àyálò bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Àwọn tí ìyá ń jí fún àdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n ń tòògbé lórí ìdúró nígbà tí bàbá ń ka Sáàmù, wọ́n mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ kúrò nílé, ó wọ yunifásítì, tàbí ó rékọjá sí London tàbí Houston, níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilé tó ti wá, tí kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé ṣé o lọ ṣọ́ọ̀ṣì. N kò bú wọn rárá. Ibẹ̀ ni ìsìn tiwọn gan-an ti ń bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin kan ń tọ́jú àwọn arúgbó lókè òkun, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iṣẹ́ òru nìkan ló ń ṣe. Ó sọ fún mi pé nínú àwọn arúgbó tí òun ń tọ́jú, ẹlòmíràn wà tí kì í rántí, bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tó wẹ̀ fún un tàbí ẹni tó jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti di aago mẹ́ta òru, ó ti rẹ̀ mí, ó tún ti tọ̀ sára lẹ́ẹ̀kẹta. Ohun tí mo bá ṣe fún un, èmi àti Ọlọ́run nìkan la mọ̀ ọ́n." Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ láyé mi, díẹ̀ nínú wọn ló wọ̀ mí lára tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Àwa àgbà náà ní ẹni tí à ń fara tì. Bí a bá ṣe rere, àwa la ṣe é. Bí a bá ṣe ibi, a ní èṣù ló tì wá, tàbí pé pásítọ̀ ló ní ká ṣe é. Ádámù na ìka sí ìyàwó rẹ̀, ìyàwó na ìka sí ejò, síbẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni Ọlọ́run dá lẹ́jọ́. Nígbà tí wòlíì Nátánì bá Dáfídì wí lórí ọ̀rọ̀ Batṣébà, Dáfídì kò mẹ́nu kan obìnrin náà, kò sì mẹ́nu kan èṣù. Kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé ilẹ̀ wa rárá, àwọn baba ńlá wa ti gbà pé gbogbo ohun tí ènìyàn bá ṣe láyé, yóò kúnlẹ̀ rò ó ní ìdènà ọ̀run. N kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu àgbà kankan pé wọ́n ń kúnlẹ̀ bá ara wọn rò ó.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn máa dùn mí. Wọ́n ní kí wọ́n má fi Bíbélì tàbí Kùránì búra fún olóṣèlú mọ́, irin Ògún ni kí wọ́n gbé fún un, torí pé Ògún kì í fi tirẹ̀ falẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu onígbàgbọ́ tí a jọ ń gba ara Olúwa. N kò kẹ́gàn àwọn oníṣẹ̀ṣe. Ẹni tó pa ìbúra mọ́ nítorí irin sàn ju ẹni tó gbé Bíbélì sókè tó sì parọ́. Ṣùgbọ́n bí onígbàgbọ́ bá sọ bẹ́ẹ̀, ohun tó ń sọ nípa Ọlọ́run tirẹ̀ ni pé nítorí pé ó ní sùúrù, a lè fojú di í. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ìtumọ̀ Bíbélì yìí kan náà kí odindi rẹ̀ tó jáde ní èdè wa ní 1884. Ní 1930, nígbà ìsọjí Òkè Oòyè ní Iléṣà, tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá tó ti ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ ojú títì tẹ́lẹ̀ ń wàásù, àwọn ènìyàn kó oògùn àti ère wọn jáde, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ohun tí wọ́n ti gbà láti kékeré pé ó lè pa wọ́n lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n jù sínú iná, nítorí Ẹni tí ojú wọn kò rí. Ìgboyà ńlá nìyẹn. Àwa ọmọ ọmọ wọn ló tún ń wá irin kiri báyìí, a kò sì wá a fún ara wa, ẹlòmíràn la fẹ́ gbé e fún.

Mo ti fi Bíbélì búra rí nílé ẹjọ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni, láàárín ẹbí wa àti àwọn kan tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Àwọn ọ̀dọ́ ẹbí ní àwọn bàbá wa kò tà á, wọ́n kàn fi í dógò ni. Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ti kú tán. Èmi nìkan ló kù nínú àwọn tó wà níbẹ̀, nítorí pé nígbà náà, èmi ni mo kàwé jù nínú ilé, èmi ni wọ́n sì pè kí n wá kọ rìsíìtì. Àwọn tó ra ilẹ̀ pè mí lẹ́lẹ̀rìí. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ẹjọ́, àwọn ẹbí wá sílé mi. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n parọ́. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ ni pé ó ti pẹ́, pé n kò rántí dáadáa mọ́. Àgbàlagbà ni mí, kò sẹ́ni tí kò ní gbà.

Bíbélì tí akọ̀wé kóòtù gbé lé mi lọ́wọ́ ti gbó. Wọ́n ti fi téèpù dúdú lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ìdọ̀tí sì ti mú ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ ti dì mú lára rẹ̀. Mo búra. Wọ́n wá na ìwé kan sí mi nínú ọ̀rá. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ìrù gígùn tí mo máa ń fà sí ìdí lẹ́tà g ṣì wà níbẹ̀. Lọ́yà bi mí pé ta ló kọ ọ́. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n kà á fún kóòtù, mo sì kà á: pé ilẹ̀ títà ni, iye tí wọ́n tà á, orúkọ bàbá mi, àti àmì àtàǹpàkò rẹ̀, tó jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo fi yíǹkì pa á lọ́wọ́ fún un.

Ẹbí wa pàdánù ẹjọ́ náà. Nígbà tí a jókòó lẹ́yìn rẹ̀, bùọ̀dá wa tó jẹ́ olórí ẹbí bi mí lójú gbogbo wọn: "Kí ló dé tí o kò wulẹ̀ sọ pé o kò rántí? Ọlọ́run mọ̀ pé o ti dàgbà."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọlọ́run tún mọ̀ pé mo rántí."

Láti ọjọ́ náà, wọn kì í pè mí sí ìpàdé ilẹ̀ mọ́. Bí owó ìsìnkú tàbí ti ìgbéyàwó bá délẹ̀, wọ́n ṣì ń ránṣẹ́ sí mi, mo sì ń san tèmi.